Ẹdùn àrá ò já bọ́ láti ojú ọ̀run, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́

Ọ̀rọ̀ pé àrá ló ń ju ẹdùn àrá, òkúta dúdú ẹlẹ́nu mímú yẹn, sílẹ̀ bó bá sán, ti sú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lè jẹ́ pé bẹ́nì kan bá tún gbé e dé, màá kàn fi ránṣẹ́ sí i ni, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Òjò ńlá tó rọ̀ lọ́jọ́sí tí gbogbo Ṣómólú kún fún omi, àrá sán lu igi àgbọn kan lẹ́yìn ilé wa. Orí igi gbiná, gbogbo wa pariwo, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé kò sẹ́ni lábẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí bàbá kan tá a jọ ń gbé kọ́ńpáùn ti lọ dúró ti igi náà, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má gbálẹ̀ ibẹ̀ o, ẹdùn àrá ti wọlẹ̀ síbẹ̀, àti pé àwọn mọ ẹni tó ń rà á lówó gọbọi. Kí n tó wẹ̀ tán, àwọn ọmọkùnrin ti gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n gbẹ́ títí omi fi ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Èkó, gbogbo ohun tí wọ́n rí ò ju táìsì fífọ́, bátìrì rédíò àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá ní kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí i. Èmi ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ní ta ló bi mí, pé kí n lọ jókòó ti òkúta mi. Ó dáa. Òkúta mi náà ni mo wá fi ń dá wọn lóhùn yìí.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo bú Ṣàngó o. Ìyá bàbá mi bọ Ṣàngó, odó wà nílé wọn, ẹdùn àrá wà nínú àwo lórí odó náà, èmi gan-an ti bá wọn fi epo pa wọ́n rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹni tó ń bọ ọ́ kó máa bọ ọ́, ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mò ń bá yín fà ò ju ibi tí òkúta yẹn ti wá lọ. Àáké ni. Èèyàn ló fọwọ́ lọ̀ ọ́, òkúta tí wọ́n sì fi ṣe é, inú ilẹ̀ ló ti wá.

Iṣẹ́ mi ni gígé òkúta. Orí kanta kíṣìnnì, àtẹ̀gùn, òkúta ojú oórì, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Èbúté Mẹ́ta, ẹni tó bá ń bọ̀ á gbọ́ ariwo máṣíìnì wa kó tó rí wa. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, tí ẹbí ń pín ẹrù, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba àwọn ẹdùn àrá yẹn, ẹlòmíì ti di ajíhìnrere, ẹlòmíì ti di alhájì, ni mo bá kó wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó dúdú, àwọ̀ ewé wà lára ẹ̀ díẹ̀, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìdí ẹ̀ rí págunpàgun, ojú ibi tí wọ́n ti fi òkúta míì lù ú ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ẹnu ẹ̀ ló ń dán sí i, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá ń fẹ́lẹ́ títí wọ́n fi pàdé, ó sì mú. Mo gbé e sẹ́nu fèrèsé kí oòrùn lè fẹ̀gbẹ́ tàn sí i, mo ki gíláàsì àwọn tó ń tún aago ṣe bọjú, ni mo bá rí ìlà tín-ín-tín-ín, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà. Mo mọ ìlà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jà lára òkúta oníbàárà. Iyanrìn ló máa ń fà á tí èèyàn bá ń lọ òkúta síwá sẹ́yìn, tó ò bá wá fi iyanrìn tó kúnná tẹ̀lé e, ìlà náà ò ní lọ. Ẹni tó ṣe tèmi yìí ò fi èyí tó kúnná tẹ̀lé e tó, ó kánjú. Ẹnu ẹ̀ tún ti kán níbì kan, díẹ̀ báyìí, irú kíkán tí ẹnu àáké máa ń kán tó bá ko kókó igi. Ẹ bá mi bi bàbá yẹn, igi wo ló wà lójú ọ̀run?

Mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kan mú àfọ́kù òkúta dúdú tó ṣẹ́kù lára kanta kan, (black granite là ń pè é lọ́jà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í ṣe gráníìtì rárá, òkúta dúdú míì tó ń jẹ́ gabbro tàbí dolerite ni, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn), mo ní kó má tan máṣíìnì, kó kàn da omi àti iyanrìn sórí kọnkéré kó máa lọ̀ ọ́. Ó kùn. Ó ní ṣé mo fẹ́ fìyà jẹ òun ni. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́ míì, ó ṣe é, ìgbà tó fi máa parí ẹnu ẹ̀ ti mú, ara ẹ̀ ti ń dán, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá bàbá mi, mo bi oníbàárà kan tó wọlé pé èwo ni àrá jù sílẹ̀ nínú méjèèjì. Ti ọmọ iṣẹ́ mi ló nawọ́ sí.

Ẹ tiẹ̀ wo oṣé Ṣàngó náà. Kí ló wà lórí ẹ̀? Àáké ni. Àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ oṣé mọ ohun tí wọ́n ń wò, àwa la ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìrísí ẹ̀ sílẹ̀, ká wo inú ẹ̀, torí inú ẹ̀ gan-an ló tú u fó. Òkúta kan wà tó jẹ́ pé nínú ooru ló ti ń wá. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó jìn gan-an, òkúta máa ń yọ́, tó bá wá ń bọ̀ lókè, á máa tutù. Tó bá dúró sínú ilẹ̀ tó tutù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ohun inú ẹ̀ máa ń ráyè kóra jọ, irú ń wá irú, wọ́n á di hóró ńláńlá tí ojú lásán ń rí: quartz tó mọ́ gaara, feldspar tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mica tó ń kọ yẹ̀rì bẹ́ ẹ bá yí i sójú oòrùn (tí àwọn kan tún máa ń rò pé góòlù ni, ẹ gbà mí). Gráníìtì nìyẹn. Òkè Ìdànrè nìyẹn, ohun tí tìpà ń já sílẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn. Irú òkúta yíyọ́ míì tún wà tí ohun inú ẹ̀ yàtọ̀, tó máa ń dúdú: tó bá gòkè díẹ̀ kó tó dì, hóró ẹ̀ á kéré, dolerite nìyẹn. Tó bá tú jáde sórí ilẹ̀ látẹnu òkè oníná, basalt nìyẹn, hóró ẹ̀ á kéré débi pé ẹ máa wá gíláàsì kẹ́ ẹ tó rí i. Tó bá wá tutù lójijì, hóró ò ní ráyè dúró rárá, gíláàsì ló máa dà. Bí hóró ẹ̀ ṣe máa tóbi tó ò ju iye àkókò tó rí lọ.

Àrá wá ń kọ́? Mànàmáná máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tó gba inú ẹ̀ kọjá gbóná tó nǹkan bí 30,000 dìgírì, ìyẹn ju ojú oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, ẹ ò rí i pé mi ò fojú kéré àrá. Àmọ́ ẹ bi mí bó ṣe ń pẹ́ tó. Kò tó kéèyàn ṣẹ́jú. Nǹkan tó yọ́ lójú ẹsẹ̀ tó tún dì lójú ẹsẹ̀, gíláàsì ló máa jẹ́, kò sọ́nà míì. Kì í sì í ṣe pé mò ń méfò, ohun tí àrá ń ṣe nílẹ̀ wà, èèyàn ti rí i, wọ́n sì ní in ní mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé. Tí àrá bá sán lu iyanrìn, quartz inú iyanrìn yẹn, tó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 1,700 dìgírì, á yọ́, á tún dì padà kíá, á wá di ọ̀pá kan tó ṣófo nínú, ara ẹ̀ lóde rí ṣákiṣàki torí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn, inú ẹ̀ ń dán bí inú ìgò. Fulgurite ni orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á láìfararọ̀, á ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹdùn àrá tòótọ́ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ wá a kó lọ sétíkun, kó lọ sí Tarkwa Bay tàbí Elékò lẹ́yìn òjò, kó máa tọ́jú ojú wo iyanrìn, dípò kó máa hú ìdí àgbọn onílé.

Ẹ wá wo tèmi lábẹ́ gíláàsì aago níbi tó ti kán yẹn, tí inú ẹ̀ hàn. Kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀. Hóró ni látòkè délẹ̀, èyí tó dúdú tó sì ní àwọ̀ ewé gùn bí abẹ́rẹ́, gbogbo wọn sì na síbì kan náà. Ìyẹn tún kọjá òkúta tó kàn yọ́ tó dì. Irú òkúta míì tún wà tó jẹ́ pé ó ti di òkúta tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ wá tún gbé e mì, ooru àti ẹrù gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́, kò yọ́ o, àmọ́ inú ẹ̀ tún ara ẹ̀ tò, hóró ẹ̀ dojú kọ ibi kan náà bí ohun tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ basalt di amphibolite nìyẹn, amphibolite sì wà dáadáa ní agbègbè Iléṣà àti Ifẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá bàbá mi. Ẹ so ó pọ̀ fúnra yín. Àti pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, mílíọ̀nù ọdún ni wọ́n fi ń kà á, àwọn àpáta ilẹ̀ Yorùbá míì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, ẹ̀yin ń sọ fún mi pé àrá ṣe é láàárín kí n sọ pé yéè.

Èyí tó ṣẹ́kù ni òkúta tí omi ń tò jọ, iyanrìn, amọ̀, ìkarahun, èyí ń bo èyí, wọ́n á tẹ ara wọn títí wọ́n á fi dì. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, irú ẹ̀ nìyẹn, ìkarahun àwọn ẹran inú òkun àtijọ́ wà nínú ẹ̀. Èkó náà, orí irú ilẹ̀ tí omi tò jọ bẹ́ẹ̀ la wà, iyanrìn àti amọ̀ lọ jìnnà sísàlẹ̀, àpáta dúdú ò sí níbì kankan lókè ilẹ̀ wa. Láti Agége dé Ìsàlẹ̀ Èkó dé Lẹ́kí, ẹ rìn ín, ẹ fi àpáta kan hàn mí tí kì í ṣe tìpà ló gbé e wá. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àrá ń sán l'Ékòó, àní ó ń sán, kò sí ọdún tí kì í ba nǹkan jẹ́. Tó bá jẹ́ pé àrá ló ń ju ẹdùn sílẹ̀, ṣe ló yẹ kí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbí máa kó o lápò lápò. Mo bi ìyá kan tó ń tà á ní Jánkárà níbo ló ti ń rí i rà. Láìfòyà, ìyá ní àwọn àgbẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ló ń kó o wá tí wọ́n bá ń kọ ebè. Àgbẹ̀! Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí àpáta wà, níbi táwọn èèyàn àtijọ́ ti gégi roko.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé kò sẹ́ni tó lè dáhùn, ẹ gbọ́. Kì í ṣe àwa nìkan la gba èyí gbọ́. Àwọn òyìnbó náà gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Denmark wọ́n máa ń fi tiwọn sílé kí àrá má baà sán lu ilé. Àmọ́ òkúta flint ni ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá Denmark, òkúta tí wọ́n ń ṣá iná ìbọn ayé àtijọ́ yẹn, torí flint ló kún ilẹ̀ wọn. Tiwa dúdú, torí òkúta dúdú la ní. Ṣé àrá máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó wà kó tó mọ irú òkúta tó máa jù ni? Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún póòpù, Michele Mercati, ti sọ láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn pé irinṣẹ́ àwọn èèyàn tí ò tíì mọ irin ni. Lọ́dún 1723, Antoine de Jussieu, onímọ̀ ewéko kan ní ilẹ̀ Faransé, gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, níbi táwọn èèyàn ṣì ti ń fi wọ́n gégi. Ọ̀rọ̀ parí. Ní Papua New Guinea, láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn èèyàn orí òkè ibẹ̀ ṣì ń lọ òkúta, wọ́n ń dì í mọ́ igi, wọ́n ń fi í ṣánko, àwọn tó bá wọn níbẹ̀ ya fọ́tò wọn.

Tẹ́ ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, ó dáa, ẹ bọ̀ nílé. Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw, onímọ̀ tó máa ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbẹ́ Ihò Eléérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun èèyàn kan tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 11,000 ọdún, wọ́n bá òkúta tí wọ́n là wẹ́wẹ́ fún iṣẹ́ lóríṣiríṣi, tó bá wá di apá òkè ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, níbi tí àfọ́kù ìkòkò wà, àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ àpáta ni o. Àrá wo ló wọlé lọ síbẹ̀ lọ to àáké ti ìkòkò?

Ẹnì kan ní kí n so òwú mọ́ ọn kí n fi iná sí i, pé òwú ò ní jó, ibẹ̀ ni màá ti mọ̀ pé agbára wà nínú ẹ̀. Mo so ó. Mo wé e kó fún mọ́ ọn pinpin, mo ṣá ìṣáná sí i, òótọ́ ni, òwú ò jó. Mo wá mú gráníìtì lásán kan tó bọ́ lára tìpà sẹ́nu gọ́tà wa, mo wé òwú kan náà mọ́ ọn, mo ṣá ìṣáná. Òwú ò jó! Òkúta tó tutù ló ń fa ooru náà mọ́ra kó tó gbóná débi tí òwú á fi gbiná, ó ṣe é fún àrá, ó ṣe é fún gọ́tà. Tẹ́ ẹ bá dá iná sí i pẹ́ tó, òwú méjèèjì á jó.

Àwọn tó ní bàbá àwọn rí i níbi tí àrá sán sí, n ò sọ pé bàbá yín pa irọ́. Òjò tó bá àrá rọ̀ ló fọ ilẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ibi táwọn èèyàn bá ti gbé rí, tó o bá gbẹ́ ẹ, o lè rí àáké níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá gbẹ́ ibi tí àrá ò sán sí rí ò ní mọ̀.

Òkúta máa ń já láti ojú ọ̀run lóòótọ́, kẹ́ni má sọ pé mo sẹ́. Ọ̀kan já ní Zagami ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà ní October 1962, ó bọ́ sóko nítòsí àgbẹ̀ kan, ó tó nǹkan bíi kílò 18, ó rì sínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí wọ́n fi rí i pé ayé míì tó ń jẹ́ Mars, tí òun náà ń yí oòrùn ká, ló ti wá. Ṣé ẹ mọ bí ara ẹ̀ ṣe rí? Ó ní èèpo dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lára, torí ara ẹ̀ yọ́ bó ṣe ń bọ̀. Inú ẹ̀, hóró ni, òkúta bíi basalt tó ti tutù níbi tó ti wá tipẹ́tipẹ́. Kò lẹ́nu. Kò mú. Kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́. Òun wá láti òkè lóòótọ́, kò sì jọ àáké lọ́nà kankan.

Ohun tí n ò lè sọ ni ẹni tó ṣe tèmi yìí àti ìgbà tó ṣe é, torí kò sẹ́ni tó kọ ibi tí wọ́n ti hú u sílẹ̀, wọ́n ti fi epo pa á láti ayébáyé. Tẹ́yin bá rí ọ̀kan lóko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó wà kẹ́ ẹ tó hú u, ẹ kọ orúkọ abúlé náà àti bó ṣe jìn tó, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Oníkàn kí wọ́n bá yín wò ó. Ẹ má tà á fún ẹni tí bàbá àdúgbò wa ń sọ yẹn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bá mi jiyàn, kó mú tiẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mi ò bá ní iṣẹ́ púpọ̀, gíláàsì aago wà níbẹ̀, omi àti iyanrìn wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á kùn.